Sọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ṣe fún Ìbejì

Táíwò ló ba rédíò ilé ìwé jẹ́, èmi Kẹ́hìndé ni wọ́n nà fún un. Mo fi èyí síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni mo jókòó láti sọ.

Pírámárì fáìfù la wà, ní Ọ̀tùn. Ilé ìwé wa ní rédíò onígi kan tó tóbi bí àpótí aṣọ, òun la fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ka sórí afẹ́fẹ́. Bátìrì kéékèèké bíi ti tọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Lọ́jọ́ tí àwọn bátìrì náà kú, tíṣà kò sí ní kíláàsì. Táíwò lọ gbé bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan wá láti ilé mẹ́káníìkì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ó ní òun fẹ́ kí rédíò sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní kó dúró, ká kọ́kọ́ bi àgbà. Ó ní ojo ni mí. Ó so wáyà méjèèjì mọ́ ọn. Rédíò pariwo lẹ́ẹ̀kan, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó dákẹ́.

Hẹdimásítà wọlé pẹ̀lú pàṣán. Ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Táíwò na ìka sí mi.

“Kẹ́hìndé ni.”

Mo sọ òótọ́ fún ìyá wa nílé. Kò bá mi jiyàn, ó mọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: “Kẹ́hìndé, ùwọ ni ẹ̀gbọ́n. Ùwọ lo rán an wá tọ́ ayé wò. Àgbà kì í bá àbúrò rẹ̀ du ẹ̀bi. Gbà á mọ́ra.” Gbogbo ilé ló ń wí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, ọgbọọgba ni tiwa. Bí wọ́n bá ń pín ẹ̀bi, èmi ni àgbà.

Lọ́jọ́ kejì, hẹdimásítà gbé òkú rédíò náà lé mi lórí, ó ní kí n gbé e yí ọjà ká, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa kọrin olè àti orin òfófó tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Táíwò wà nínú àwọn tó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ ló ga jù. Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àwọn yòókù wọlé, èmi ò wọlé. Mo gbé rédíò náà kọjá, mo ń lọ, wọ́n ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn. Bí mo ṣe parí ìwé kíkà nìyẹn.

Táíwò lọ sí girama, ó di tíṣà. Èmi lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìdó, mo sì jókòó síbẹ̀. Rédíò yẹn wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kan ti ní kí n tà á fún àwọn, mo ní kì í ṣe títà. Wọ́n ní kí n kúkú tún un ṣe, mo ní kì í ṣe títúnṣe. Nígbà tí ìyá wa kú, Táíwò dúró lápá kan ibojì, èmi dúró lápá kejì. Àwọn ẹbí ní, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ó ti pẹ́, ẹ jẹ́ kó tán. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìdó ni ọ̀rọ̀ náà tún jí. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé rédíò wá mọ́, mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé kan, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó fi ìró di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bọ̀ wá sí Ìdó. Ẹni tó máa tún un ṣe ni mò ń wá, bí ẹ ṣe wí.”

“Bí ta ni ṣe wí?”

Ó tún mi wò. “Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ dá irùngbọ̀n sí? Láàárọ̀ yìí ni mo kúrò lọ́dọ̀ yín.”

Mo ti mọ ibi tó ti wá. “Dìde,” mo ní. “Èmi kọ́ ni ọ̀gá rẹ. Ọ̀gá rẹ ló jọ mí.”

Sèínábù lorúkọ rẹ̀, ìyá Bùsàrí. Táíwò ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ti ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí ojú ọjà ní Ọ̀tùn, Sèínábù ló ń bá a tẹ̀wé níbẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé ìwé àdúgbò ló wà nínú ẹ̀rọ náà, Mọ́ńdè ni wọ́n máa wá kó o. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí Sèínábù lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, Táíwò ṣí ẹ̀rọ, ó fẹ́ fi dísìkì kejì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ìwé pamọ́ sí, kún èyí tó wà nínú rẹ̀. Sèínábù padà dé, ó bá òórùn jíjó. Ẹ̀rọ ò rí dísìkì kankan mọ́.

“Ó sọ fún àwọn tíṣà pé èmi ni mo jó o,” Sèínábù ní. “Ó ní bí mi ò bá gbé e padà wá ní pípé, kí n má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bùsàrí ti ilé kéú dé lánàá, ó ní, ‘Màámi, wọ́n ní ẹ jó kọ̀ǹpútà ọ̀gá yín.’ Ọmọ mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀.”

“Gbé e padà fún un,” mo ní. “Mi ò fọwọ́ kan nǹkan Táíwò.”

“Ọ̀gá, kì í ṣe nǹkan Táíwò ló wà nínú ìró yìí. Orúkọ mi ni.”

Mo wo rédíò orí pẹpẹ. Mo ní kó gbé e sórí tábìlì.

Mo tú ìdè rẹ̀. Bọ́ọ̀dù rẹ̀, pátákó tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́, olówó ńlá ni, irú èyí tí Táíwò máa ń rà kí ó lè ròyìn rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù tí mo mọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ojú tí wáyà ń bọ̀, ni wọ́n ní fún dísìkì. Èyí ní mẹ́rin. Méjì àárín jẹ́ ti gbogbo ayé. Méjì tó wà létí, àwọ̀ wọn yàtọ̀, àwọn ni wọ́n ń pè ní réèdì. Dísìkì méjì ni wọ́n ṣe wọ́n fún: èèyàn á so méjèèjì pọ̀, ohunkóhun tí o bá kọ sí ọ̀kan, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sí èkejì, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ.

Nínú ọ̀kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín méjèèjì, abẹ́rẹ́ kan ti wọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí fi wáyà pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ lódìlódì, kò wọlé, ó fi agbára tì í bí ẹni ti ilẹ̀kùn, iná sì wà lára ẹ̀rọ. Mo mọ ẹnì kan láyé yìí tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi dísìkì ti ara mi dán sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín kejì wò. Kò rí i. Ọ̀kan ti fa èkejì kú.

Jùwọ́nlọ, tó ń ta kọ̀ǹpútà ní òdìkejì títì, ti rí wa, ó sì ti dé. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n máa ṣí ní Ìdó tí Jùwọ́nlọ ò ní í yọjú sí.

“Bọ́ọ̀dù yìí ti kú,” ó ní. “Ẹ yọ dísìkì, ká tẹ ìwé ìdánwò yẹn jáde lọ́dọ̀ mi, kó parí.”

“Ìwé á jáde,” Sèínábù ní, “ẹ̀rọ á kú sí mi lọ́rùn.”

“Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ṣì kù,” mo ní.

Jùwọ́nlọ rẹ́rìn-ín. “Réèdì nìyẹn, bàbá. Ìbejì ló ń gbà. Bí o bá gbé ọ̀kan síbẹ̀, ó máa bèèrè èkejì. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba. O ò mọ̀ bí ìbejì ṣe rí ni?”

“Ìwọ lò ń kọ́ Kẹ́hìndé ní ìbejì?”

“Mo kàn ń sọ fún ọ ni.”

“Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣe é lè ní èrò tirẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ lò ó.”

Bí mo ṣe gbójú tó náà, mi ò fi dísìkì Sèínábù dán an wò. Mo wá dísìkì àtijọ́ kan tí kò sí ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀, mo so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì etí. Sèínábù yọ páálí bọ́ọ̀dù náà nínú báàgì rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ àti fílọ́pì, dísìkì kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe mọ bọ́ọ̀dù náà, wà nínú rẹ̀. Òyìnbó ìwé yẹn le fún mi, òun ló ń kà á. Ó kà, ó padà, ó tún un kà.

“Wọ́n ní bí èèyàn ò bá sọ fún un pé kó so méjì pọ̀, ó máa lò ó bí dísìkì lásán.”

“Ka ibẹ̀ kí Jùwọ́nlọ gbọ́.”

“Mo ti gbọ́,” Jùwọ́nlọ ní. “Ìwé ń sọ tiẹ̀, ẹ̀rọ ń ṣe tiẹ̀.”

Mo tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà òyìnbó funfun jáde, ó ń bèèrè bóyá mo fẹ́ dá ìbejì sílẹ̀. Mo ká ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnì. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní rárá. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó kọjá lọ. Mo gbé dísìkì àtijọ́ náà padà sínú ẹ̀rọ tèmi, mo wo inú rẹ̀: gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé dísìkì Sèínábù síbẹ̀. Mo tan iná. Ẹ̀rọ ní òun ò rí ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀. Sèínábù fọwọ́ bo ẹnu.

“Mo sọ fún un!” Jùwọ́nlọ ń pàtẹ́wọ́. “Mo sọ fún un, ó ní òun ni Kẹ́hìndé!”

Mo jókòó, mo ro ó. Èmi ni mo gbàgbé: ẹ̀rọ ṣì ń lọ wá dísìkì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì àárín tó ti kú, kò sí ẹni tó sọ fún un pé wọ́n ti kó lọ sí ilé mìíràn. Mo wọ ibi ètò rẹ̀, mo yí ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí ti etí. Mo tún tan án. Wíńdóòsì jáde, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ó ní òun rí nǹkan tuntun kan lára bọ́ọ̀dù, òun ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n wá fi hàn òun. Sèínábù ki fílọ́pì bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́, ó kú, ó tún jí, ó sì ń sáré bí ìgbà tó jẹ́ tuntun. Ìwé ìdánwò wà níbẹ̀, láti orí títí dé ìdí.

Jùwọ́nlọ wò ó títí. “Ó dáa,” ó ní. “Ẹ wá so èkejì mọ́ ọn báyìí, ibi tó yẹ ẹ́ náà ni.”

“Rárá. Ó máa dá wà.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti Sèínábù wọ takisí. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, mo gbé rédíò lé ẹsẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ní, “Bàbá, ṣé rédíò yẹn ń sọ̀rọ̀?” Mo ní, “Ó ń bọ̀ wá sọ ọ́.” Láti ọjọ́ tí mo ru rédíò náà, mi ò tíì gba ojú ọjà Ọ̀tùn kọjá, ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá wa pàápàá.

Àwọn tíṣà ti kún ṣọ́ọ̀bù Táíwò. Tíṣà Fúnmilọ́lá, tó jẹ́ olórí wọn, ń na ọwọ́ sí i lójú. Nígbà tí a wọlé, mo gbé rédíò lé orí káńtà. Gbogbo wọn wo èmi, wọ́n wo Táíwò, wọ́n tún wo èmi.

“Ta ló ní kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni yìí?” Táíwò bi Sèínábù.

“Ẹ ní kí n wá ẹni tó máa tún un ṣe, sà. Òun náà ló tún un ṣe.”

Sèínábù tan ẹ̀rọ, ó so pírńtà mọ́ ọn. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn tíṣà kígbe ayọ̀, Tíṣà Fúnmilọ́lá ń gbá Sèínábù lẹ́yìn. Táíwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú ẹ̀rọ.

“Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìbejì lo lò? Dísìkì kan ṣoṣo?”

“Kan ṣoṣo.”

“Èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. So ó mọ́ ọn, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́.”

“Mo ti rí bí ìbejì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́.”

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó fi ohùn tíṣà sọ̀rọ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́. “Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run ti ṣe é. Sèínábù, mo dárí jì ọ́.”

Sèínábù kó ọwọ́ kúrò lórí pírńtà. “Kí ni mo ṣe, sà?”

“Ó ti tán. Mo ní mo ti dárí jì ọ́.”

“Kò tíì tán. Kí ni mo ṣe?”

Táíwò yíjú sí mi, ó rọ ohùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni àgbà.”

“Ọjọ́ tí ẹ̀bi bá wà nílẹ̀ nìkan lo máa ń rántí pé èmi ni àgbà.”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“O mọ̀ ọ́n. Mi ò ní í bá ọ sọ ọ́. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.”

Táíwò ń wo ìwé tó ń jáde bí ẹni pé ìdáhùn máa bá a jáde. Sèínábù mú báàgì rẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ fi, ó jáde. Tíṣà Fúnmilọ́lá ń pè é, kò wẹ̀yìn. Mo mọ irú ìrìn yẹn. Mo gbé rédíò kúrò lórí káńtà, mo gbé e lé orí mi, mo jáde tẹ̀ lé e sí ojú ọjà.

Ọ̀nà kan náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata kò kúrò níbẹ̀. Mo rìn díẹ̀díẹ̀, mo na ọrùn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

“Tíṣà Táíwò! Kí lẹ rù?”

Mo kọjá lọ.

“Ẹ wá wo Tíṣà Táíwò o! Ó ru òkú rédíò!”

“Táíwò, ta lo jí i lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ẹ̀rín gba ọjà. Àwọn ọmọdé ti tò sẹ́yìn mi, ọ̀kan ti dá orin sílẹ̀, orúkọ Táíwò ló fi ṣe ègbè. Wọn ò tíì rí ẹnì kejì rẹ̀ rí, wọn ò sì ka irùngbọ̀n sí. Ojú tí wọ́n ń bá ṣeré lójoojúmọ́ ni wọ́n rí lábẹ́ rédíò. Mo kàn ń rìn.

Ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Táíwò ti sáré jáde, ó ń ju ọwọ́, ó ń kígbe.

“Èmi kọ́ nìyẹn! Èmi kọ́ o! Kẹ́hìndé ni!”

Orin dá. Mo dúró, mo yí padà, rédíò ṣì wà lórí mi. Àwọn ará ọjà ń wò wá, ojú kan náà, lẹ́ẹ̀mejì. Sèínábù náà ti dúró lójú ọ̀nà. Ìyá ọlọ́jà kan tó jókòó ti igbá rẹ̀ ló bi í:

“Kẹ́hìndé? Kí ni Kẹ́hìndé wá ṣe?”

Táíwò la ẹnu. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Mo rí i pé ó gbọ́ ọ. Ó wo rédíò, ó wo àwọn ọmọ tó tò lẹ́yìn mi, ó wo Sèínábù.

“Kò ṣe nǹkan kan,” ó ní.

“A ò gbọ́,” mo ní. “Nígbà tí o ń kọrin, ohùn rẹ ga ju báyìí lọ.”

Ó mí. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, kì í ṣe ohùn tíṣà mọ́.

“Kẹ́hìndé ò ṣe nǹkan kan! Sèínábù náà ò ṣe nǹkan kan, mọ́ṣáláṣí ló wà! Èmi ni mo ti wáyà yẹn tó fi jó. Rédíò tó wà lórí ẹ̀gbọ́n mi yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní òun ni. Kì í ṣe òun. Èmi ni.”